Kí A Tó Wọ Ọkọ̀ Lọ sí Ganvié

Ní àsìkò ìsinmi, ọ̀pọ̀ ìdílé láti Èkó, Abẹ́òkúta, Ìbàdàn àti àwọn ìlú mìíràn ni ó máa ń gba ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ kọjá sí ilẹ̀ Benin. Àwọn kan ń lọ kí ará, àwọn kan ń lọ ra ọjà, àwọn mìíràn sì ń lọ gbafẹ́. Bí wọ́n bá ti dé Kútọnu, kì í pẹ́ tí ẹnì kan yóò fi bi wọ́n pé, "Ṣé ẹ ti dé Ganvié, ìlú orí omi?" Ìbéèrè yìí dára, ṣùgbọ́n ó ku èkejì, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rò títí wọn yóò fi dé etí omi: ọkọ̀ wo ni a ó wọ̀?

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ìbéèrè kejì yìí ni a fẹ́ bá yín sọ lónìí. Ìlú kan náà ni gbogbo ọkọ̀ ń gbé èrò lọ, síbẹ̀ ohun tí èrò ọkọ̀ kan yóò rí yàtọ̀ sí ohun tí èrò ọkọ̀ kejì yóò rí. Ewu wọn kò dọ́gba, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ẹnì kan náà ni owó yóò bọ́ sí lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá béèrè ọ̀rọ̀ ní èbúté yóò jèrè ìrìn àjò náà ju ẹni tí ó sáré bọ́ sínú ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n nawọ́ sí i.

OMI NÁÀ FÚNRA RẸ̀

Adágún Nokoué ni orúkọ omi yìí. Àwa tí a ń gbé ní Èkó ìbá pè é ní ọ̀sà, nítorí pé ó jọ ọ̀sà tiwa gan-an. Kútọnu jókòó sórí ilẹ̀ tóóró tí ó wà láàrin rẹ̀ àti òkun. Láti ìlà-oòrùn dé ìwọ̀-oòrùn, adágún náà tó nǹkan bí 20 kìlómítà. Láti àríwá dé gúúsù, ó tó nǹkan bí 11. Odò Ouémé àti odò Sô ni ó ń gbé omi wá sínú rẹ̀ láti òkè. Ní ìsàlẹ̀, ojú omi kan la àárín Kútọnu kọjá lọ bá òkun. Àwọn Faransé ni ó gbẹ́ ojú omi yìí ní 1885.

Nítorí ẹnu ọ̀nà méjèèjì yìí, omi adágún náà kì í dúró sí ipò kan. Nígbà tí odò bá kún, pàápàá ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá, omi òjò ni ó máa ń gbilẹ̀ nínú rẹ̀, adágún a sì fẹ̀ sí i. Ewéko kan tí ó ń léfòó, tí òdòdó rẹ̀ pọ́n bí àlùkò, a máa bo ojú omi mọ́lẹ̀ ní ibi púpọ̀, a sì máa dí ọkọ̀ lọ́wọ́. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, omi òkun a wọlé, iyọ̀ a dé inú adágún, ewéko náà a sì bẹ̀rẹ̀ sí kú. Ẹni tí ó bá lọ ní oṣù kìíní àti ẹni tí ó bá lọ ní oṣù kẹwàá kò rí omi kan náà.

Adágún náà kò jìn. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, ọ̀pọ̀ ibi ni kò ju mítà kan ààbọ̀ lọ. Ìdí nìyí tí atukọ̀ fi lè fi ọ̀pá gígùn gún ilẹ̀ ìsàlẹ̀ omi kí ó sì ti ọkọ̀ síwájú. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí a ó padà sí i nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn ọmọdé.

ÌDÍ TÍ WỌ́N FI KỌ́LÉ SÓRÍ OMI

Àwọn ènìyàn tí à ń pè ní Tofinu ni ó ni Ganvié. Ìtàn wọn sọ pé ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún sí ìkejìdínlógún, nígbà tí òwò ẹrú gbóná ní etíkun yìí, àwọn ọmọ ogun Dàhómì a máa jáde wá kó ènìyàn, wọn a sì tà wọ́n fún àwọn òyìnbó oníṣòwò. Àwọn baba ńlá Tofinu sá kúrò lórí ilẹ̀, wọ́n gbá òpó mọ́ inú ẹrẹ̀ adágún, wọ́n sì kọ́lé sórí rẹ̀. A gbọ́ pé èèwọ̀ ẹ̀sìn ni kò jẹ́ kí àwọn ọmọ ogun náà lépa wọn dé orí omi. Ìtumọ̀ tí àwọn ará ibẹ̀ ń fún orúkọ ìlú wọn bá ìtàn yìí mu: àwọn tí a gbà là, tí wọ́n sì rí àlàáfíà.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí àwa Yorùbá. Dàhómì kan náà ni ó gbógun ti Abẹ́òkúta ní 1851 àti ní 1864. Àwọn Ẹ̀gbá ti fi abẹ́ àpáta Olúmọ ṣe ibi ìsádi wọn. Àwọn Tofinu fi omi ṣe tiwọn. Nítorí náà, ilé orí òpó tí àlejò ń wò tìyanutìyanu kì í ṣe ohun tí wọ́n kọ́ kí a lè máa wá wò ó. Odi ìlú ni. Ẹni tí ó bá mọ èyí kí ó tó wọ ọkọ̀, ojú tí yóò fi wo ibẹ̀ yóò yàtọ̀.

Lónìí, ènìyàn tí ó ń gbé Ganvié ju 20,000 lọ. Ilé ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀, ilé ìjọsìn wà níbẹ̀, ọjà wà níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ lórí omi tàbí lórí erùpẹ̀ tí wọ́n fi ọwọ́ kó jọ. Ní 1996, ìjọba Benin fi orúkọ ìlú náà ránṣẹ́ sí UNESCO, sínú ìwé àwọn ibi tí ó fẹ́ kí a kà mọ́ ogún gbogbo ayé. Láti bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn ni ìjọba náà sì ti ń ṣètò àtúnṣe ìlú yìí, nítorí náà kí ẹ má ṣe yà yín lẹ́nu bí ètò èbúté àti iye owó bá ti yàtọ̀ sí èyí tí ará tàbí ọ̀rẹ́ yín sọ fún yín.

ÈBÚTÉ MÉJÌ

Èbúté tí ọ̀pọ̀ àlejò mọ̀ ni ti Abomey-Calavi, ní ìwọ̀-oòrùn adágún. Ọkọ̀ ilẹ̀ máa ń gbé ènìyàn láti Kútọnu dé ibẹ̀ láìpẹ́, bí kò bá sí sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ. Níbẹ̀ ni ẹ ó ti rí àwọn tí ń já ìwé owó ọkọ̀ fún àlejò, àti àwọn afinimọ̀nà tí yóò bá yín lọ.

Ṣùgbọ́n Ganvié nìkan kọ́ ni ìlú orí omi ní agbègbè yìí. Ẹni tí ó bá wọ̀ sí Àjàṣẹ́, tí òyìnbó ń pè ní Porto-Novo, lè gba ọ̀sà ìlú náà lọ sí Aguégués, ní ẹ̀bá odò Ouémé. Àwọn abúlé orí òpó wà níbẹ̀ pẹ̀lú, àlejò tí ó ń lọ síbẹ̀ kò sì pọ̀ tó ti Ganvié. Ohun tí ẹ ó rí níbẹ̀ ni iṣẹ́ òòjọ́: ẹja, oko etí odò, iyanrìn tí wọ́n ń wà láti inú omi. Èyí tí ẹ ó pàdánù ni ìrọ̀rùn, nítorí ètò fún àlejò kò tó ti Calavi. Bí ẹ bá ní àgbàlagbà tàbí ọmọ kékeré lọ́wọ́, a rò pé Calavi ni ó yẹ kí ẹ gbà. Bí ó bá jẹ́ ọ̀dọ́ ni gbogbo yín, tí ẹnì kan nínú yín sì gbọ́ Ègùn tàbí Faransé, ẹ lè gbìyànjú Aguégués.

ORÍṢI ỌKỌ̀ MẸ́TA

Ní èbúté Calavi, ọkọ̀ tí ẹ ó rí pín sí oríṣi mẹ́ta.

Èkíní ni ọkọ̀ onígi ńlá tí ó ní ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn àti ìbòrí lókè. Ó ń yára. Láàrin nǹkan bí ìdajì wákàtí, ó ti dé Ganvié. Ó dára fún ẹni tí oòrùn ń tètè mú, fún ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn, àti fún ẹni tí ó fẹ́ padà sí Èkó lọ́jọ́ náà. Àléébù rẹ̀ ni ariwo. Afinimọ̀nà yóò pariwo, ẹ́ńjìnnì yóò pariwo jù ú lọ. Ìgbì tí ó ń dá sílẹ̀ a sì máa mi àwọn ọkọ̀ kékeré tí ó bá pàdé lọ́nà, tí ó kún fún ẹrù àwọn ìyá ọlọ́jà.

Èkejì ni ọkọ̀ tí wọ́n ń fi ọ̀pá tì tàbí tí wọ́n ń fi àjẹ̀ tù. Nígbà mìíràn, bí afẹ́fẹ́ bá dára, atukọ̀ a ta aṣọ tí wọ́n rán pọ̀ sórí igi, afẹ́fẹ́ a sì máa gbé ọkọ̀ lọ. Ó lè gba wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó dé. Oòrùn yóò pa yín díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ó gbọ́ ohùn ara yín, ẹ ó sì lè sún mọ́ ohun tí ẹ bá fẹ́ wò.

Ẹ̀kẹta ni ọkọ̀ èrò tí àwọn ará ìlú ń wọ̀ lọ sílé láti ọjà. Owó rẹ̀ kéré. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọkọ̀ ìgbafẹ́. Kò sí ẹni tí yóò dúró dè yín, kò sì sí ẹni tí ó ṣèlérí pé ẹ ó rí ọkọ̀ padà kí ilẹ̀ tó ṣú. A kò gbà yín níyànjú láti kó ọmọ sínú rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ ní ojúlùmọ̀ ní ìlú náà.

BÍ ÀWA TI YÀN

Àwa mẹ́sàn-án ni a jọ lọ: tọkọtaya méjì, ìyá àgbà kan, ọ̀dọ́mọkùnrin méjì àti ọmọdé méjì, tí ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin, tí èkejì jẹ́ ọmọ ọdún méje. Kí a tó kúrò nínú ọkọ̀ ilẹ̀ ni àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ ọkọ̀ tí ń fi ọ̀pá rìn. Àwọn bàbá fẹ́ ti ẹ́ńjìnnì, wọ́n ní àwọn kò fẹ́ kí alẹ́ lé àwọn ní Sẹ̀mẹ̀. Ìyá àgbà kò sọ̀rọ̀.

Nígbà tí a dé etí omi, ọkọ̀ ńlá kan fẹ́ ṣí. Èrò mìíràn ti wà nínú rẹ̀, wọ́n sì ní kí a wọlé kíákíá, àyè ṣì wà. Ìyá àwọn ọmọ béèrè ẹ̀wù ìléfòó, èyí tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì. Wọ́n gbé mẹ́ta jáde. Ti àgbàlagbà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, okùn ọ̀kan sì ti já. Ọkùnrin tí ó ń kó èrò rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá, ẹ má bẹ̀rù rárá, omi yìí kò jìn."

Ìgbà yìí ni ìyá àgbà la ẹnu. Ó ní, "Ọmọ mi, omi tí kò mu ọ́ dé àyà, ó ti bo ọmọ ọdún mẹ́rin mọ́lẹ̀."

Kò sẹ́ni tí ó lè dá a lóhùn. Ọkọ̀ náà ṣí, ó fi wá sílẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn bàbá bínú díẹ̀, ó ní àkókò ń lọ, ó sì ní ṣé a kò gbàdúrà kí a tó kúrò nílé ni? Ìyá àgbà ní, "A gbàdúrà. Ẹni tí ó gbàdúrà náà ni ó yẹ kí ó wọ ẹ̀wù." Ọ̀rọ̀ náà tán síbẹ̀.

A dúró fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógójì. Láàrin àkókò yìí ni a rí ọkọ̀ mìíràn tí ó ní ẹ́ńjìnnì, tí kò tóbi tó ti àkọ́kọ́. Ẹni tí ó ni ín lọ yá ẹ̀wù ọmọdé méjì lọ́wọ́ ẹnì kejì rẹ̀, ó sì so okùn wọn fúnra rẹ̀. Àwọn àgbà àti àwọn ọmọ wọ inú rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjèèjì wọ ọkọ̀ ọlọ́pàá gígùn, àwọn náà pẹ̀lú ẹ̀wù lọ́rùn. A fi àdéhùn sí i pé a ó pàdé ní Ganvié.

OHUN TÍ ỌKỌ̀ KỌ̀Ọ̀KAN RÍ

Àwa tí a wà nínú ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì tètè dé. A rí ìlú náà bí ó ti nà lọ rẹrẹ, ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, àwọn mìíràn pẹ̀lú páánù, àwọn mìíràn pẹ̀lú koríko. A rí àwọn ọmọ tí kò ju ọdún mẹ́fà lọ tí wọ́n ń tu ọkọ̀ kékeré bí ẹni ń rìn lójúde. A rí ọjà orí omi, níbi tí àwọn obìnrin tí ó dé akẹtẹ̀ gbòòrò jókòó sínú ọkọ̀, tí tòmátì, ata, gaàrí àti ẹja yíyan wà níwájú wọn. A rí ọkọ̀ tí ó kún fún kìkì kẹ́ẹ̀gì, tí wọ́n fẹ́ fi pọn omi mímu. Ọmọ ọdún méje béèrè pé, "Ṣé wọ́n ń ra omi lórí omi ni?" Bẹ́ẹ̀ ni. Omi adágún kò ṣeé mu.

Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ méjèèjì dé, ó tó wákàtí kan lẹ́yìn wa, ìròyìn tiwọn pọ̀ ju tiwa lọ. Wọ́n ti rí akájà.

Akájà ni oko ẹja àwọn ará ibẹ̀. Apẹja yóò gé ẹ̀ka igi púpọ̀, yóò rì wọ́n mọ́ inú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ omi ní ìpapọ̀, títí yóò fi dà bí igbó kékeré láàrin adágún. Bí ewé àti ẹ̀ka náà bá ti ń rà, ohun wẹ́wẹ́ tí ẹja ń jẹ a hù sára wọn. Ẹja, pàápàá epìyà, a wá síbẹ̀ láti jẹun, láti sá fún ọ̀tá, láti pamọ sí. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, apẹja yóò fi àwọ̀n yí gbogbo rẹ̀ ká, yóò yọ ẹ̀ka kúrò, yóò sì kó ẹja. Àwa ti sáré kọjá lára àwọn igi wọ̀nyí, a rò pé pàǹtírí tí omi gbé wá ni. Atukọ̀ tí ń fi ọ̀pá rìn dúró, ó ṣàlàyé, ó sì fi èyí tí ó jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ hàn wọ́n. Ó sọ fún wọn pẹ̀lú pé akájà a máa dá ìjà sílẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó ní owó láti gbin igi púpọ̀ ń gba ojú omi lọ́wọ́ ẹni tí àwọ̀n nìkan ni ó ní.

A kò sọ èyí láti fi ọkọ̀ kan gàn. Ìyá àgbà kò lè jókòó sínú oòrùn fún wákàtí méjì, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ọdún mẹ́rin. Ohun tí a ń sọ ni pé ọkọ̀ tí ó yára ń gbé ènìyàn dé ìlú, ọkọ̀ tí ó ń rọra lọ ń fi ọ̀nà hàn án. Bí ẹ bá pọ̀, ẹ lè pín ara yín bí àwa ti ṣe, kí ẹ sì jọ jókòó sọ ìtàn lálẹ́.

ÌBÉÈRÈ MÉJE KÍ Ẹ TÓ WỌLÉ

Àwọn àgbà wa ní abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ẹ fi sùúrù béèrè àwọn nǹkan wọ̀nyí ní èbúté:

1. Èrò mélòó ni ọkọ̀ yìí ń gbé, mélòó ni yóò sì gbé lónìí? Bí etí ọkọ̀ bá ti fẹ́ kan omi kí ó tó ṣí, ẹ má wọ̀ ọ́.

2. Ẹ̀wù ìléfòó dà? Ẹ kà á. Ẹ wò ó bóyá okùn rẹ̀ pé. Ẹ wọ̀ ọ́ fún ọmọdé kí ó tó fi ẹsẹ̀ kan ọkọ̀. Ẹ̀wù àgbà lè yọ lórí ọmọdé bí ó bá bọ́ sómi.

3. Owó tí ẹ dá lé wa, kí ni ó wà nínú rẹ̀? Ṣé àlọ àti àbọ̀ ni? Ṣé owó afinimọ̀nà wà nínú rẹ̀? Bí èrò bá pọ̀ nínú ọkọ̀, iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń san sábà máa ń dín kù, nítorí náà ẹ béèrè iye rẹ̀ fún iye ènìyàn tí ẹ jẹ́. Ẹ gba ìwé owó yín.

4. Wákàtí mélòó ni a ó lò, ibo ni a ó sì ti dúró? Àwọn kan a máa gbé àlejò lọ sí ìsọ̀ ohun ọ̀nà, wọn a sì dúró síbẹ̀ pẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ rí ọjà tàbí akájà, ẹ sọ ọ́ ṣáájú.

5. Níbo ni atukọ̀ yìí ń gbé? Ẹni tí wọ́n bí sí orí omi mọ ibi tí ilẹ̀ ga, ibi tí ìdè àwọ̀n wà, ibi tí ó yẹ kí a rọra. Owó tí ẹ bá sì san fún un yóò bá a dé ilé, ní ìlú tí ẹ wá wò.

6. Èdè wo ni afinimọ̀nà gbọ́? Faransé àti èdè ìbílẹ̀ ni ó wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n a rí ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá nígbà tí a béèrè.

7. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú ńkọ́? Ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì tí kò ní ọ̀pá tàbí àjẹ̀ nínú, ẹ jẹ́ kí ó máa lọ.

Ẹ tún fi àkókò sọ́kàn. Òwúrọ̀ ni ó dára jù. Oòrùn kò tíì mú, ọjà sì ń kún. Ní ọ̀sán, afẹ́fẹ́ láti òkun sábà máa ń le sí i, omi tí ó tẹ́jú lówùúrọ̀ a sì bẹ̀rẹ̀ sí ru. Bí òjò bá ṣú, ẹ dúró. Ganvié kò ní sá lọ.

ÀLEJÒ NÍ ÌLÚ ẸLÒMÍRÀN

Ọ̀rọ̀ kan tún kù, kò sì kéré. Ní Ganvié, ẹ ó rí àwọn obìnrin tí wọ́n ń fi akẹtẹ̀ bojú bí ẹ bá gbé ẹ̀rọ ayàwòrán sókè. Àwọn mìíràn a tilẹ̀ bú, tàbí kí wọ́n fi àjẹ̀ ta omi sí ẹni tí ó ń ya wọ́n. Àwọn àlejò kan ń sọ pé ará ibẹ̀ kò lọ́yàyà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ rò ó wò: bí ọkọ̀ mẹ́wàá bá ń gba iwájú ilé yín kọjá lójoojúmọ́, tí àwọn àjèjì inú rẹ̀ ń ya yín níbi tí ẹ ti ń fọ abọ́, tí ẹ ti ń wẹ ọmọ, ṣé ẹ ó máa rẹ́rìn-ín sí wọn?

Ẹ kí wọn kí ẹ tó ya wọ́n. Ẹ béèrè. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ gbé ẹ̀rọ sílẹ̀. Ìyá àgbà wa kò ní ẹ̀rọ kankan lọ́wọ́. Ó na ọwọ́ sí ẹja yíyan kan, ó béèrè iye rẹ̀ ní Yorùbá, ìyá ọlọ́jà dáhùn ní Ègùn, wọ́n fi ìka ná an, wọ́n sì gbà fún ara wọn. Kí ọkọ̀ wa tó ṣí, ìyá náà ti fi ẹja kékeré méjì lé e fún àwọn ọmọ. Nínú gbogbo wa, òun nìkan ni ẹnì kan ní Ganvié juwọ́ sí.

Ohun tí ẹ bá fẹ́ ná, ẹ ná an ní ọjà orí omi náà: ẹja, èso, akẹtẹ̀. Ẹ ti pààrọ̀ owó sí sẹ́fà wẹ́wẹ́ kí ẹ tó dé, nítorí ìyá tí ó ń tajà nínú ọkọ̀ kì í ní ṣéńjì owó ńlá. Ẹ má ju owó tàbí súìtì sínú omi fún àwọn ọmọdé. A rí ẹni tí ó ṣe bẹ́ẹ̀, a sì rí bí ọkọ̀ kékeré mẹ́rin ti rọ́ lu ara wọn nítorí rẹ̀. Ohun tí ẹ bá fẹ́ fún ọmọ, ẹ fi lé òbí rẹ̀ lọ́wọ́.

Àwa tí a wá láti Èkó tilẹ̀ ní ìdí mìíràn láti bọ̀wọ̀ fún wọn. Ọ̀pọ̀ àwọn Ègùn tí ń gbé orí omi ní Makoko, tí à ń wò láti orí afárá ńlá Third Mainland, láti agbègbè Àgbádárìgì àti ilẹ̀ Benin ni àwọn baba wọn ti wá. Ẹja tí wọ́n ń yan níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ń rà lọ́jà. Ẹni tí ó bá sanwó láti lọ kan sáárá sí ilé orí òpó ní Ganvié, kí ó má ṣe fi imú yín sí irú ilé kan náà nígbà tí ó bá padà dé Èkó.

Kí ẹ tó gbéra, ẹ rí i pé ìwé ìrìnnà gbogbo yín pé, títí kan ti àwọn ọmọ àti káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ẹ mú fìlà, omi mímu àti aṣọ tí ẹ lè pààrọ̀ fún ọmọdé. Ẹ fi tẹlifóònù àti owó sínú ọ̀rá tí omi kò lè wọ̀. Ẹ sọ fún ẹnì kan lórí ilẹ̀ irú ọkọ̀ tí ẹ wọ̀ àti àkókò tí ẹ ó padà. Bí ẹni tí ó ń kó èrò bá sì ń kánjú yín, ẹ jẹ́ kí ó máa lọ pẹ̀lú àwọn tí ó ń kánjú. Ọkọ̀ mìíràn ń bọ̀.